Bí A Ṣe Ń Bọ́ Lórí Oògùn Ọpọlọ Láìfi Ẹ̀mí Wewu

Bí ẹ bá ń ka èyí lálẹ́, tí ẹ sì ti pinnu lọ́kàn yín pé ẹ ò ní lo oògùn yín mọ́ láti òní lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lo ti alẹ́ yìí. Ẹ lo ti ọ̀la náà. Mi ò sọ pé kí ẹ máa lò ó títí ayé o. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń bọ́ lórí oògùn ọpọlọ, ọ̀nà náà lọ́ra, ó sì yẹ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n mú wa rìn ín. Apoògùn ni mí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bi mí léèrè ọ̀rọ̀ yìí ti dá oògùn dúró kí wọ́n tó béèrè, ohun tí ojú wọn rí láàárín ọ̀sẹ̀ kan péré ni wọ́n sì ń wá sọ fún mi.

Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ jáwọ́ pọ̀, kò sì sí èyí tí mo lè fojú di níbẹ̀. Olanzapine, oògùn orí tó dàrú, ń mú kí àwọn kan sanra débi tí aṣọ wọn ò fi gbà wọ́n mọ́. Sertraline àti fluoxetine, tí wọ́n jẹ́ oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, lè gba adùn ìbálòpọ̀ lọ́wọ́ tọkọtaya, ojú á sì máa tì wọ́n láti sọ ọ́ fún dókítà. Haloperidol, oògùn orí tó dàrú mìíràn, lè mú kí ọwọ́ máa gbọ̀n, kí gbogbo ara le. Ẹlòmíràn, ara rẹ̀ ti yá, ó ń lọ síbi iṣẹ́, kò rí ìdí tí òun fi tún ń gbé oògùn mì. Owó sì tún ńkọ́? Láti ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, tí ilé iṣẹ́ oògùn GSK sì kógbá sílé ní Nàìjíríà, owó oògùn ti ga ju apá ọ̀pọ̀ ìdílé lọ. Gbogbo rẹ̀ ló tó ohun tí a ń bá dókítà sọ. Nígbà mìíràn, yíyí oògùn padà tàbí dídín in kù díẹ̀ á ti yanjú ohun tó ń dun èèyàn, kò ní dórí jíjáwọ́ pátápátá.

Ìdí tí a kì í fi dá a dúró lójijì

Bí oògùn bá ti wà lára fún oṣù tàbí ọdún, ọpọlọ á ti tún ara rẹ̀ tò láti bá a gbé. Bí a bá yọ ọ́ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ọpọlọ ò tíì rí àyè tún ara rẹ̀ tò padà. Ibẹ̀ ni òòyì, àìsùn, ìbẹ̀rù àti ẹkún tí kò nídìí ti ń wá. Ẹni tó ru ẹrù wúwo bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn kì í dá ẹrù náà sọ̀. Á pe ẹnì kan kó bá òun gbé e kalẹ̀, kí ọrùn má baà yẹ̀.

Ìwà oògùn kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Fluoxetine máa ń pẹ́ lára, ó ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó jáde tán, nítorí náà ó sábà máa ń rọrùn láti fi sílẹ̀ ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Paroxetine àti venlafaxine tètè ń jáde. Ẹni tó bá gbàgbé hóró kan lè mọ̀ ọ́n lára kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Lithium, oògùn tó ń mú kí inú tó ń yí sókè sódò balẹ̀, ní tirẹ̀, bí a bá dá a dúró lójijì, àìsàn lè padà wá kíákíá. Ìlànà tí àwọn dókítà ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí wọ́n fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ó kéré tán, dín in kù, ó sì sàn kó tó oṣù mẹ́ta. Ní ti clozapine, tó jẹ́ oògùn orí tó dàrú, abẹ́ ojú ilé ìwòsàn nìkan ni a ti ń fọwọ́ kàn án. Ẹni tó bá fò ó kọjá wákàtí 48 kò gbọdọ̀ dá padà sí ìwọ̀n tó ń lò tẹ́lẹ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bá dókítà sọ̀rọ̀.

Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ọ̀pọ̀ aláìsàn lọ́sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, irú Modecate, máa ń tan ìdílé jẹ. Oògùn inú rẹ̀ máa ń wà lára fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lẹ́yìn tí a bá ti dá a dúró. Ẹni tó fò ó lóṣù yìí á dà bí ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, àwọn ará ilé á máa yọ̀ pé kò tiẹ̀ nílò rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àìsàn á tó yọjú, kò sì ní sí ẹni tó máa rántí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fò mọ́.

Ṣé àsìkò ti tó?

Fún ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, a máa ń sọ pé kí èèyàn lo oògùn fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán, lẹ́yìn tí ara bá ti yá tán. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ti mú lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lè ní láti lò ó tó ọdún méjì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́, tàbí tí orí rẹ̀ dàrú nígbà àkọ́kọ́, sábà máa ń lò ó fún ọdún kan sí méjì kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ dídín kù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo ayé tiyín. Oṣù tí òkú kú nílé, tí ẹ ń kó lọ ilé tuntun, tí ẹ ń ṣe ìdánwò, tàbí tí ẹ ń múra láti fò kọjá òkun, kì í ṣe oṣù tí a ń bẹ̀rẹ̀. Àsìkò ààwẹ̀ tó gùn náà kò dára, torí oúnjẹ, oorun àti àkókò oògùn ló ń yí padà pọ̀. Obìnrin tó ń lo valproate, oògùn wárápá tí a tún ń lò fún àìsàn ọpọlọ, tó sì rí i pé òun ti lóyún ní ọ̀ràn tirẹ̀: oògùn yẹn lè pa ọmọ inú lára, ṣùgbọ́n dídá a dúró lójijì lè fa gìrì fún ẹni tó ní wárápá. Kó má dá nǹkan kan ṣe, kó má sì dúró de ọjọ́ tó wà lórí káàdì. Kó lọ rí dókítà lọ́la.

Ìwé tí ẹ máa gbé dání lọ

Àyè tí dókítà ní fún aláìsàn kan kò tó nǹkan, pàápàá ní ilé ìwòsàn ìjọba tí èrò ti kún gbàgede láti ìdájí. Nítorí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ kọ orúkọ oògùn kọ̀ọ̀kan, ìwọ̀n rẹ̀, àti ìgbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ohun tó ń ṣe yín nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fún yín, ìgbà tí ẹ ti gbìyànjú láti jáwọ́ rí, àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ ìdí tí ẹ fi fẹ́ dín in kù, ì báà jẹ́ ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀, ì báà jẹ́ owó. Bí ẹnu yín ò bá lè sọ ọ́, ẹ na ìwé náà sí i.

Ẹ kọ àgbo náà síbẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì fún wa nílẹ̀ Yorùbá, nítorí asofẹ́yẹjẹ tí àwọn babaláwo àti oníṣègùn fi ń wo wèrè láti ayé àtijọ́ kì í ṣe ewé lásán. Reserpine wà nínú rẹ̀, oògùn gidi tó ń mú kí ara rọ̀ tó sì ń fa ìfúnpá wálẹ̀, ó sì lè fa ìrẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó ń mu ún pọ̀ mọ́ oògùn ilé ìwòsàn, tó sì tún ń dín ọ̀kan kù, dókítà rẹ̀ ò ní mọ èwo ló ń ṣe é. Páràgá àti ògógóró náà ńkọ́? Ẹ kọ iye tí ẹ ń mu, ẹ má ṣe dín in kù lórí ìwé.

Níwájú dókítà

Ẹ má sọ pé, “Dókítà, mo fẹ́ dá oògùn dúró.” Ẹ sọ pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, mo fẹ́ kí a jọ wò ó bóyá a lè máa dín oògùn mi kù díẹ̀díẹ̀.” Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ máa ń dáyà já wọn, wọ́n á rò pé ẹ ti jáwọ́ nílé. Ti ìkejì ń pè wọ́n síṣẹ́. Ẹ wá bi wọ́n pé: inú oògùn wo la máa ti kọ́kọ́ dín kù, báwo ló ṣe máa pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ mélòó ló wà láàárín ìdínkù kan àti òmíràn, ta ni mo lè pè bí nǹkan bá yí, ìgbà wo la tún máa ríra? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sílẹ̀ fún yín. Ètò tí kò sí lórí ìwé, ilé kọ̀ọ̀kan ló máa túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù ú.

Òfin ìlera ọpọlọ Nàìjíríà tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 fún aláìsàn lẹ́tọ̀ọ́ láti dá sí ètò ìtọ́jú tirẹ̀. Bí dókítà bá ní kò tíì yẹ, ẹ béèrè ìdí, ẹ sì béèrè ìgbà tí ẹ lè tún mú ọ̀rọ̀ náà wá. Bí ìdáhùn náà ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè lọ rí òmíràn ní Yábà, ní Arò, tàbí ní UCH Ìbàdàn. Àwọn ará wa tó wà ní Gẹ̀ẹ́sì lè béèrè lọ́wọ́ GP wọn, ìyẹn dókítà àdúgbò wọn, pé kí apoògùn tó wà ní ilé ìwòsàn náà bá wọn yẹ gbogbo oògùn wọn wò. Ìlànà tó jáde níbẹ̀ lóṣù kẹrin ọdún 2022 sọ pé kí wọ́n ṣe ìdínkù pẹ̀lú aláìsàn, ní ìwọ̀n tó bá a lára mu.

Bí ìdínkù ṣe ń lọ gan-an

Ibí ni mo fẹ́ kí a ti fara balẹ̀ jù lọ, torí ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Èèyàn á rò pé bí òun bá ti gé oògùn sí ààbọ̀, òun ti rin ààbọ̀ ọ̀nà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo citalopram, oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì mìíràn: 20 mg rẹ̀ ń gba nǹkan bí 80 nínú 100 àyè tó máa ń jókòó sí nínú ọpọlọ. Bí a bá gé e di 10 mg, ó ṣì ń gba nǹkan bí 70. Ní 5 mg, ó ṣì sún mọ́ 60. Ṣùgbọ́n láti 5 mg sí òfo, gbogbo 60 yẹn ló lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Dókítà Mark Horowitz àti Ọ̀jọ̀gbọ́n David Taylor ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàlàyé èyí yékéyéké lọ́dún 2019, ó sì túmọ̀ ohun tí àwọn aláìsàn ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ pé hóró tó kéré jù ló ṣòro fi sílẹ̀ jù. Nítorí náà, bí oògùn bá ṣe ń kéré sí i ni ìdínkù náà gbọ́dọ̀ máa kéré sí i.

Mo fẹ́ fi sertraline ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ má dà á kọ, torí dókítà yín ló mọ tiyín. Ẹni tó ń lo 100 mg lè lọ sí 75 mg, kó dúró níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Bí ara bá balẹ̀, ó di 50 mg fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin mìíràn. Lẹ́yìn náà 37.5, lẹ́yìn náà 25, lẹ́yìn náà 12.5. Láti ibẹ̀ lọ, hóró ò ṣeé gé mọ́. Dókítà lè wá oògùn olómi, tàbí kó gbé e lọ sórí fluoxetine olómi. 20 mg ló sábà máa ń wà nínú 5 ml tirẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí pé 1 ml jẹ́ 4 mg, a sì lè fi sírínjì tí kò ní abẹ́rẹ́ wọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ má fi ṣíbí ìdáná wọ̀n ọ́n. Oṣù mẹ́fà kì í ṣe ohun tó pọ̀ jù fún irú ìrìn yìí, àwọn tó ti lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún sì lè gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ má lo ọ̀nà “lò ó lónìí, fò ó lọ́la.” Ó dà bí ìdínkù, ṣùgbọ́n ṣe ni oògùn á máa gòkè tá á sì máa já wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, tí ara á máa jìyà ìjáwọ́ ní ọjọ́ méjì méjì. Oògùn tí lẹ́tà XR, SR, CR tàbí MR bá wà lára páálí rẹ̀, ẹ má gé e, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má jẹ ẹ́ lẹ́nu, àyàfi bí apoògùn bá sọ pé ó ṣeé gé. A ṣe é láti máa jáde díẹ̀díẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Bí ẹ bá fọ́ ọ, gbogbo rẹ̀ lè tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ṣeé gé, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń gé oògùn lọ́wọ́ apoògùn. Ọ̀bẹ kì í gé e dọ́gba.

Ẹni tó ń lo ju oògùn kan lọ, ọ̀kan ṣoṣo ni kó máa dín kù lẹ́ẹ̀kan. Bí benzhexol, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Artane, bá wà níbẹ̀ nítorí ara líle tí haloperidol ń fà, haloperidol la sábà máa ń kọ́kọ́ fà wálẹ̀ kí a tó kan Artane.

Valium, Lexotan àti àwọn oògùn oorun

Ìdílé oògùn yìí ni mo bẹ̀rù jù, torí àwọn tó ń lò ó kì í ka ara wọn sí aláìsàn ọpọlọ. Màmá kan á ra Lexotan ní kẹ́mísì nítorí oorun, ọdún márùn-ún á kọjá. Lọ́jọ́ tó bá dá a dúró, ara á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọkàn á máa lù kìkì, òógùn á bò ó. Ní ọjọ́ mélòó kan, gìrì lè dé, gìrì yẹn sì lè pa èèyàn. Bí ẹ bá ti ń lò ó lójoojúmọ́ fún ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ, ẹ má jáwọ́ lójijì, kódà bí ẹ kò bá ní ìwé dókítà kankan. Ẹ lọ sọ òtítọ́ ní ilé ìwòsàn, kò sí ẹni tó yẹ kó bá yín jà.

Ọ̀nà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Heather Ashton fi ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́ ní kíníìkì rẹ̀ ní Newcastle láàárín ọdún 1982 sí 1994 ṣì ni àwọn dókítà ń lò dòní: kí a yí oògùn tó ń tètè jáde padà sí diazepam (Valium) tó ń pẹ́ lára, kí a wá máa fà á wálẹ̀ ní 1 mg sí 2 mg lọ́sẹ̀ méjì sí mẹ́rin, kó tún kéré sí i ní ìparí. Dókítà ló máa ṣírò ìyípadà náà, torí agbára wọn kò dọ́gba rárá. Ẹ má fi ọtí dí àyè tí oògùn fi sílẹ̀.

Ohun tí ara lè ṣe, àti bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n

Ẹ ra ìwé kékeré kan. Lálaalẹ́, ẹ kọ wákàtí tí ẹ sùn, bí inú yín ṣe rí láti òfo dé 10, àti ohun tí ara ṣe. Èyí á sọ ju ohun tí ẹ máa rántí lọ́jọ́ kíníìkì.

Ohun tí ìjáwọ́ fúnra rẹ̀ ń fà máa ń tètè dé, láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí ìdínkù. Òòyì, èébì tó ń gbé èèyàn, àlá tó mọ́lẹ̀ kedere, ìbínú òjijì, àti ohun kan bí ìgbà tí iná bá gbé èèyàn fìrí nínú orí. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sí lára àìsàn tẹ́lẹ̀. Bí a bá dá oògùn padà sí ìwọ̀n tó wà tẹ́lẹ̀, ó sábà máa ń fúyẹ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Àìsàn tó ń padà bọ̀ ní tirẹ̀ sábà máa ń rọra wọlé ní ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ á sì jọ ojú tó fi wá lákọ̀ọ́kọ́. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ìdààmú ìjáwọ́ ń bá gbé fún oṣù púpọ̀, nítorí náà ẹ má dá ẹjọ́ náà fúnra yín. Ẹ gbé ìwé náà lọ fún dókítà.

Bí ìdínkù kan bá nira, ẹ má tún dín in kù. Ẹ dúró síbi tí ẹ wà. Bí kò bá ṣeé fara dà, ẹ pe dókítà kó dá yín padà sí ìwọ̀n tí ara ti balẹ̀. Èyí kì í ṣe ìjákulẹ̀ rárá, ara ló sọ bó ṣe fẹ́ kí a rìn.

Ilé ìwòsàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, lálẹ́ tàbí lọ́sàn-án, bí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí bá ṣẹlẹ̀: gìrì, èrò pé kí ẹ pa ara yín tàbí ẹlòmíràn, ohùn tó tún ń sọ̀rọ̀ létí, òru méjì tẹ̀ léra wọn láìsùn rárá fún ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú rí, ara tí kò lè jókòó sójú kan débi pé ayé sú èèyàn, ara gbígbóná pẹ̀lú ara líle àti ọ̀rọ̀ tí kò bára mu. Ní Nàìjíríà, 112 ni ẹ máa pè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 999, tàbí, bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọkàn àti ọpọlọ, kí ẹ pe 111 kí ẹ sì tẹ 2. Ní Amẹ́ríkà, 911, tàbí 988 bó bá jẹ́ èrò pípa ara ẹni.

Ẹni tó máa bá yín ṣọ́ ọ

Nígbà tí Dókítà Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Arò, l'Ábẹ́òkúta, lọ́dún 1954, ará ilé kan gbọ́dọ̀ bá aláìsàn wá, kí wọ́n jọ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé, kí aláìsàn sì máa lọ gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn. Ọgbọ́n yẹn ṣì wúlò fún wa. Ẹ yan ẹnì kan, ìyàwó, ẹ̀gbọ́n, tàbí ọ̀rẹ́ tí kò ní sọ ọ́ ká àdúgbò. Kó bá yín lọ kíníìkì lẹ́ẹ̀kan. Kí ẹ jọ kọ ohun tó kọ́kọ́ yí padà nígbà tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́sí: ṣé oorun ni, ṣé ẹ ò jẹ oúnjẹ ìyá yín mọ́, ṣé ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé lọ́sàn-án gangan? Ẹ fún un láṣẹ láti pe dókítà bó bá rí i, kódà bí ẹ bá ní kò sí nǹkan tó ń ṣe yín. Orí ìwé ni kí àṣẹ náà wà, kó má baà dìjà nígbà tó bá yá.

Bí pásítọ̀ tàbí àlùfáà bá ní kí ẹ da oògùn nù láti fi hàn pé ẹ nígbàgbọ́, ẹ fi ètò tí dókítà kọ hàn án. Ẹ ní a ti ń dín in kù, kó máa gbàdúrà sí ìdínkù kọ̀ọ̀kan. Mo ti rí àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó di alátìlẹ́yìn nítorí pé ẹnì kan fara balẹ̀ ṣàlàyé fún wọn.

Bí owó bá fẹ́ tán láàárín rẹ̀, ẹ má fi ọ̀sẹ̀ méjì na oògùn ọ̀sẹ̀ kan. Nígbà tó bá ku oògùn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ti lọ bá dókítà tàbí ẹ̀ka wẹ́fíà ilé ìwòsàn. Ẹ bi apoògùn bóyá irú oògùn kan náà wà láti ilé iṣẹ́ mìíràn tó dínwó.

Lẹ́yìn hóró ìkẹyìn

Iṣẹ́ ò tíì tán. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 2021 tẹ̀ lé àwọn tí ara wọn ti yá tó láti ronú pé kí àwọn fi oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì sílẹ̀. Láàárín ọdún kan, ìrẹ̀wẹ̀sì padà sára 56 nínú 100 àwọn tó jáwọ́, ó sì padà sára 39 nínú 100 àwọn tí kò jáwọ́. Ẹ wò ó dáadáa: 44 nínú 100 àwọn tó jáwọ́ ni ìrẹ̀wẹ̀sì kò padà sára wọn, ṣùgbọ́n ewu náà wà. Ẹ máa lọ kíníìkì fún oṣù mẹ́fà, ó kéré tán. Fún ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú rí, ọdún méjì ni kí wọ́n fi máa ṣọ́ ọ. Bó bá sì jẹ́ pé ibi tí ara yín ti balẹ̀ jù ni ìwọ̀n kékeré kan, tí ẹ dúró síbẹ̀, ìyẹn náà jẹ́ èrè gidi.

Oògùn tó bá ṣẹ́kù, ẹ má fi fún aládùúgbò tó ń sunkún pé òun ò rí oorun sùn, ẹ má sì tọ́jú rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀ nítorí ọjọ́ tí ọkàn bá bà jẹ́. Ẹ kó o padà fún apoògùn kó bá yín dà á nù, kí ẹ sì fi ìwé ètò ìdínkù náà sínú fáìlì ilé ìwòsàn yín, torí dókítà tó bá rí yín lọ́jọ́ iwájú máa nílò rẹ̀.